Ogójì Ọdún Nídìí Tòbí, Yẹ̀rì àti Kọ́mú

Ẹ ò ní gbà mí gbọ́, n ò sì ní bá yín jà sí i. Ọkùnrin ni mí, mo níyàwó nílé, iwájú ni mo sì máa ń jókòó sí ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ogójì ọdún ni mo fi rán aṣọ abẹ́ obìnrin nílùú Ìdànrè, láti orí tòbí ìyá àgbà títí dé orí ohun tín-ín-rín tí àwọn ọmọ ìsinsìnyí ń pè ní pátá, tí n kò fọwọ́ kan ìbàdí oníbàárà kan rí. Ìhòòhò obìnrin kan ṣoṣo tí mo mọ̀ ni ti ìyàwó mi, òun náà á sì kọ́kọ́ ní kí n wo ibòmíràn. Ẹ máa rẹ́rìn-ín. Bàbá mi nìkan ni kò rẹ́rìn-ín.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tẹ́ ẹ ń bi ara yín léèrè pé iṣẹ́ wo ni kí n kọ́, ẹ̀yin ni mò ń bá sọ̀rọ̀. Iṣẹ́ yìí ló kọ́ ilé tí mò ń gbé. Iṣẹ́ yìí náà ló fún ẹnu mi láyè láti fẹ́rẹ̀ẹ́ ba ìgbéyàwó ọmọbìnrin kan jẹ́, ọmọ tí kò ṣẹ̀ mí, tí kò ṣẹ ẹnikẹ́ni. Ibẹ̀ ni mò ń lọ. Ṣùgbọ́n ara mi kì í gbà mí láyè kí n jókòó sójú kan pẹ́, nítorí náà bí mo bá fo ibì kan, ẹ fò ó tẹ̀lé mi.

Kóòtù àti ṣòkòtò ni mo fẹ́ kọ́ nígbà tí mo jáde ilé ẹ̀kọ́ girama. Ọ̀gá tó ń rán an ní Aládé ti ní ọmọṣẹ́ mẹ́jọ sórí ẹ̀rọ mẹ́ta. Ìyá mi bá mú mi lọ sọ́dọ̀ obìnrin kan tí gbogbo ìlú ń pè ní Ìyá Oníṣìmí, nítorí ṣìmí tí àwọn ìyá wa ń wọ̀ sábẹ́ bùbá. Bí wọ́n ṣe gbà mí kò ju gbólóhùn méjì lọ: ìyá mi kúnlẹ̀, ọ̀gá ní kí n lọ gbálẹ̀. Ọjọ́ kẹta ni bàbá mi tó gbọ́ irú aṣọ tí wọ́n ń rán níbẹ̀. Àgbẹ̀ kòkó ni, ó sì máa ń dọdẹ díẹ̀díẹ̀. Ó ní kí n má fọwọ́ kan ìbọn òun mọ́, pé ọwọ́ tó ń yí tòbí síwá sẹ́yìn, oògùn ìbọn á sá fún un. Ó mú ọ̀rọ̀ yẹn dání títí tó fi kú. Àmọ́ bó bá ti pa ẹran dé, kò ka ọwọ́ yẹn sí èèwọ̀ nídìí ọbẹ̀.

Fún ẹ̀yin tẹ́ ò rí tòbí rí: abẹ́ ìró ni wọ́n ń wọ̀ ọ́ sí, ó gùn dé orúnkún, okùn ni wọ́n fi ń fà á pọ̀ ní ìbàdí, ó sì ní àpò níwájú. Kíjìpá ni ti àwọn àgbà, ó nípọn bí ọ̀rọ̀ àna. Oṣù mẹ́fà ni mo fi rán ojú okùn nìkan, ìyẹn ihò tóóró tí okùn ń gbà yí ìbàdí ká. Ọ̀gá mi á ki okùn bọ̀ ọ́, á fà á lẹ́ẹ̀kan. Bó bá há, ó tú gbogbo rẹ̀ nìyẹn. Ó ní obìnrin tí okùn tòbí rẹ̀ bá há mọ́ ọn lára nígbà tí ọ̀rọ̀ bá di kánjúkánjú, èmi ni yóò ṣépè fún, kì í ṣe òun.

Ọ̀gá mi kì í gbé téèpù sára oníbàárà. Ó ní téèpù ń pariwo. Bó o bá ti pe "ogójì" létí ẹni mẹ́ta, ogójì ti di ti gbogbo ìlú. Okùn òwú ló máa ń fún obìnrin kọ̀ọ̀kan gbé lọ sílé. Obìnrin náà á ti ilẹ̀kùn, á fi okùn yí ara rẹ̀ ká, á ta kókó kan síbi tí ìwọ̀n ìbàdí parí sí, kókó méjì síbi tí ti ìdí parí sí, kókó mẹ́ta fún àyà. Á wá so ègé aṣọ kékeré kan mọ́ ẹnu okùn, aṣọ tí òun nìkan mọ̀ pé tòun ni. Kò sí orúkọ, kò sí nọ́ńbà. Ìṣó kún ara ògiri wa, okùn kọ̀ọ̀kan sì ní ìṣó tirẹ̀. Bí okùn méjì bá dà pọ̀ mọ́ra lọ́wọ́ ọmọṣẹ́ kan, ọjọ́ náà ló ń padà sílé ìyá rẹ̀.

Bí ara bá yí padà, obìnrin á fi okùn tuntun ránṣẹ́ pẹ̀lú ègé aṣọ kan náà, a ó sì tẹ́ tuntun àti àtijọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn lórí tábìlì. Ibẹ̀ gan-an niṣẹ́ wà. Bí kókó ìbàdí bá sún síwájú ní ìka méjì tàbí mẹ́ta, ọ̀gá mi ti mọ̀ pé àlejò ń bọ̀, kí ọkọ tó mọ̀, nígbà mìíràn kó tó dá obìnrin náà fúnra rẹ̀ lójú. Kò ní sọ nǹkan kan. Á kàn ṣẹ́ aṣọ po sínú ẹ̀gbẹ́, kó lè ṣeé tú sílẹ̀ nígbà tó bá yá. Obìnrin á wá gba aṣọ, ìka rẹ̀ á kan ẹ̀gbẹ́, á wo ojú ọ̀gá. Ọ̀gá á máa wo abẹ́rẹ́ rẹ̀.

Mo ṣì í sọ lẹ́ẹ̀kan. Ìyàwó ilé kan wá, mo kí i kú ewu tí ń bọ̀. Obìnrin náà bú sẹ́rìn-ín, ó tilẹ̀ fún mi ní ọ̀gẹ̀dẹ̀. Nígbà tó lọ, ọ̀gá ní kí n la ẹnu, ó fi píìnì mẹ́fà sí i, ó ní kí n fi ètè dì wọ́n mú títí a ó fi tilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù. "Ọwọ́ ni kó o fi dá okùn lóhùn," ó ní. "Ẹni tó bá fẹ́ fi ẹnu dáhùn, kó lọ máa ta ẹja."

Ọdún mẹ́rin ni mo lò lọ́dọ̀ rẹ̀. Nígbà tí mo gba òmìnira, ọjọ́ ti ń rọ̀ fún tòbí. Àwọn ọmọ tí wọ́n rán lọ kàwé ní Àkúrẹ́ àti Èkó ń bọ̀ wálé fún Kérésì, wọ́n ń béèrè yẹ̀rì tó ń dán, tó ní léèsì lẹ́sẹ̀, èyí tó bá yọ díẹ̀ lábẹ́ síkẹ́ẹ̀tì, wọn á ní àwọn ò mọ̀. Ẹ̀yìn wọn ni kọ́mú gbòde. Ẹ sì wo bí àwọn ìyá wa ṣe túmọ̀ orúkọ yẹn: wọ́n ní iṣẹ́ rẹ̀ ni kó kọ́ ọmú, kó má bàa já. Kọ́mú ìgbà yẹn, ìrán yíká-yíká ni, ó le, ó mú ṣóńṣó, bí obìnrin bá yí lójijì, kó o yáa sún sẹ́yìn. Ìyàwó mi sọ fún àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ pé àwọn òkè tó yí wa ká ni mò ń wò rán an. Irọ́ ni. Òkè tiwa rí róbótó.

Rọ́bà dé, ó lé okùn lọ. Ohun tí mo fi oṣù mẹ́fà kọ́, rọ́bà fi ìṣẹ́jú márùn-ún gbà á lọ́wọ́ mi. Òkìríkà tún dé, wọ́n da kọ́mú òyìnbó sílẹ̀ lójú ọjà bí èso kòkó tí wọ́n sá sóòrùn, àwọn ìyá ń bẹ̀rẹ̀ ṣà á. Ọ̀pọ̀ oṣù ni mo fi jókòó tí n kò rán kọ́mú kan. Irọ́ ni, n kò jókòó. Ta ní lè jókòó? Mo so ẹ̀rọ alápá mọ́ ẹ̀yìn ọ̀kadà, mo ń lọ Àtòsìn, mo ń lọ Òfòsù, mo ń wọ abà lọ bá àwọn ìyàwó àwọn tó wá láti ibòmíràn ṣiṣẹ́ oko kòkó. Obìnrin tó ń fọ́ kòkó látàárọ̀ mọ ìyì àpò tòbí: kọ́kọ́rọ́ wà níbẹ̀, ọ̀bẹ kékeré wà níbẹ̀, aáṣà wà níbẹ̀. Àwọn ló gbé mi ró títí àwọn ará ìlú fi padà wá, nítorí òkìríkà kò mọ ẹni tó fẹ́ wọ̀ ọ́, okùn mi sì mọ̀ ọ́n.

Ẹ̀rọ ẹlẹ́sẹ̀ lọ, ti oníná dé, iná sì ń ṣe bó ṣe fẹ́. Kọ́mú onífóòmù dé. Ìdí onífóòmù dé. Mo bi ẹni tó ra ọ̀kan bóyá kò ní ti oríkèé. Ọmọ kan fi àwòrán pátá kan hàn mí lórí fóònù, mo bi í pé èyí tó kù ńkọ́. Ó ní gbogbo rẹ̀ nìyẹn, Dádì. Mo ní ọmọ mi, okùn tí mo fẹ́ fi wọ̀n ọ́ nípọn jù ú lọ. Ẹnu mi nìyẹn. Oníbàárà mìíràn tìtorí ẹnu yẹn wá. N kò rí i pé ó ti ń tàn mí lọ.

Ẹ jẹ́ kí n yáa dé ibẹ̀ wàyí.

Ọmọbìnrin náà, Mojí ni mo máa pè é. Ó fún mi láàyè láti kọ ọ̀rọ̀ náà, kò fún mi láàyè láti kọ orúkọ. Olùkọ́ ni. Ìyá rẹ̀ ti kú, ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ obìnrin ló tọ́ ọ. Dáyọ̀ tó fẹ́ fẹ́ ẹ ń ṣiṣẹ́ ní Àkúrẹ́. Ìyá Dáyọ̀ ti jẹ́ oníbàárà láti ìgbà tí mo wà lọ́mọṣẹ́, ọ̀kan nínú àwọn ìyá díẹ̀ tó ṣì ń wọ tòbí, ohùn rẹ̀ sì máa ń jáde ju ti àwọn yòókù lọ nínú ẹgbẹ́ ìyá ní ṣọ́ọ̀ṣì wa. Nígbà ọyẹ́ ni Mojí fi okùn àkọ́kọ́ ránṣẹ́, fún yẹ̀rì tó fẹ́ fi ya fọ́tò. Nígbà tó ku ọ̀sẹ̀ mẹ́rin kí wọ́n ṣègbéyàwó, ó fi òmíràn ránṣẹ́, fún èyí tí yóò wọ̀ sábẹ́ gáùn. Mo tẹ́ méjèèjì sórí tábìlì. Kókó ìbàdí ti sún ní ìka mẹ́rin.

Mo ṣẹ́ ẹ̀gbẹ́ po bí wọ́n ṣe kọ́ mi. Ká ní ibẹ̀ ni mo dúró sí.

Ọjọ́ kejì ni Ìyá Dáyọ̀ wá gba tòbí tuntun. Ó fà á, ó ní ó lágbára. Mo ní ó gbọ́dọ̀ lágbára, pé ẹni tó fẹ́ máa pọn ọmọ-ọmọ láìpẹ́ kò lè máa wọ tòbí jákujàku.

"Láìpẹ́ báwo?" ó bi mí.

Mo lè sọ pé àdúrà ni. Mo wo ògiri, mo rẹ́rìn-ín músẹ́, mo ní, "Màmá, okùn kì í purọ́."

Kò rẹ́rìn-ín. Ó ká tòbí rẹ̀, ó jáde. Mo ti mọ̀ kó tó dé títì pé ẹyin ti bọ́.

Ṣọ́ọ̀ṣì wa kì í gbé ìyàwó tó ti lóyún wá síwájú pẹpẹ. Ìyá Dáyọ̀ gbé ọ̀rọ̀ lọ bá wọn, wọ́n ní kí Mojí lọ ṣe àyẹ̀wò. Ó lọ, wọn ò bá oyún. Ẹ ó ní ọ̀rọ̀ ti parí. Ẹ ò mọ ẹnu ayé ni. Wọ́n ní okùn Télọ̀ kò purọ́ rí, àyẹ̀wò náà kò purọ́, ohun tó kù nìkan ni pé ọmọ náà ti lọ ṣẹ́ oyún dànù kó tó lọ ṣe àyẹ̀wò. Iyì tí mo fi ogójì ọdún kọ́ fún okùn, òun ni wọ́n fi so ọmọ ọlọ́mọ mọ́gi. Ìyá Dáyọ̀ ní ẹsẹ̀ òun kò ní tẹ ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ náà. Dáyọ̀ kò gbé ìpè Mojí mọ́.

Ó ku ọjọ́ mọ́kànlá, ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni, nígbà tí Mojí wọ ṣọ́ọ̀bù mi. Ó ti ilẹ̀kùn. Ó ki ọwọ́ sí báàgì, ó gbé ohun dúdú kan sórí tábìlì, ó nípọn, ó ní húùkù ìlà mẹ́ta. Àwọn ọmọdé ń pè é ní wéésì-tírénà. Èmi ń pè é ní afúnkùn.

"Èyí ló wà lára mi nígbà tí mo ta kókó sí okùn àkọ́kọ́," ó ní. "Ìkejì, ara mi ló ti bó, n kò lè wọ̀ ọ́. Ìka mẹ́rin yẹn, èmi náà ni, Dádì. Bí mo ṣe rí nìyẹn."

Ní gbogbo ogójì ọdún, n kò rò ó rí pé obìnrin lè ti ilẹ̀kùn tán kó ṣì máa fi ara pa mọ́ fún okùn.

Mo ní kò sí wàhálà, pé mo máa gbé afúnkùn yìí lọ bá Ìyá Dáyọ̀ báyìí, ọ̀rọ̀ á tán. Ó di ọwọ́ mi mú. Ó ní láti ọjọ́ àkọ́kọ́ ni Dáyọ̀ ti ń yin ìbàdí òun, àmọ́ ìyá rẹ̀ pe òun níbàdí àràbà nígbà mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́, pé ó tóbi bí ìdí igi, àwọn èèyàn sì rẹ́rìn-ín, wọ́n pè é ní àwàdà, àṣé ó ti dun òun wọra. Látìgbà yẹn ni kò ti bọ́ afúnkùn níwájú wọn. Bí wọ́n bá gbọ́, wọn á ní ọmọ tó tan wọ́n lára, kí ni kò ní tàn wọ́n sí.

"Èmi ni kí n sọ ọ́ fún Dáyọ̀, lọ́jọ́ tí mo bá fẹ́," ó ní. "Ẹ̀yin lẹ fi ẹnu so ó. Ẹ fi ẹnu tú u. Ṣùgbọ́n ẹ má fi tèmi tú u."

Ọjọ́ méjì ni n kò fi lè jókòó. Mo rìn dé ẹsẹ̀ òkè, mo padà. Mo gbé ẹ̀rọ, mo gbé e kalẹ̀. Ìyàwó mi ní, "Bàbá Tósìn, bẹ́ ẹ bá fẹ́ gbẹ́ kànga, ẹ̀yìnkùlé ni kẹ́ ẹ ti gbẹ́ ẹ, kì í ṣe inú pálọ̀." Bí mo bá sọ òótọ́, mo tún ti tú okùn obìnrin kan náà lẹ́ẹ̀kejì. Bí mo bá dákẹ́, ìgbéyàwó ti lọ. Ọ̀nà kẹta wà, mo sì ti rí i láti alẹ́ àkọ́kọ́. Ìrìn yẹn, mò ń sá fún un ni.

Lọ́sàn-án Ọjọ́bọ̀ mo lọ sílé Ìyá Dáyọ̀. Mo bá òun àti ìyá méjì nínú ẹgbẹ́ wọn, wọ́n ń ṣa ẹ̀gúsí. Mo dọ̀bálẹ̀. Mo ní okùn tí mo kà, kì í ṣe ti Mojí. Mo ní okùn méjì dà pọ̀ mọ́ mi lọ́wọ́, ti abilékọ kan ni mo rí tí mo pè ní tirẹ̀, ojú mi ti ń ṣú, mo sì ti ń darúgbó.

Ìyá Dáyọ̀ gbé ẹ̀gúsí kalẹ̀. "Ìwọ?" ó ní. "Okùn dà pọ̀ mọ́ ìwọ lọ́wọ́?"

"Ó dà pọ̀, Màmá."

Ẹ̀kejì rẹ̀ kò jẹ́ kó tún sọ̀rọ̀. Ó ní, "Nítorí Ọlọ́run, kọ́mú tó ń fún mi lọ́rùn látọdún tó kọjá yìí, àyà ta ni?" Ẹ̀kẹta ní kó má wulẹ̀ béèrè, pé òun ti mọ̀ pé yẹ̀rì òun kì í ṣe ti òun, pé ìdí tó ń wá kò sí nílé àwọn. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí ẹ̀gúsí fi dànù. Wọ́n fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ bí mo ṣe ń fi àwọn èèyàn ṣe é, wọ́n sì mọ̀ ọ́n ṣe jù mí lọ. Láàárín ẹ̀rín yẹn ni Ìyá Dáyọ̀ mú fóònù, ó pe ọmọ rẹ̀, ó ní kó lọ bẹ ìyàwó rẹ̀, pé Télọ̀ aṣiwèrè kan ló fẹ́ bà wọ́n lórúkọ jẹ́. Mo dúró títí mo fi gbọ́ tí Dáyọ̀ ní òun ń bọ̀. Mo bá wọn rẹ́rìn-ín. Mo mọ ohun tí mo ṣe.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, kí n tó ṣílẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù, àwọn obìnrin ti jókòó sórí pèpéle níta. Wọ́n kí mi dáadáa. Kò sẹ́ni tó bínú. Wọ́n kàn ní àwọn wá gba okùn àwọn ni. Mo yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, wọ́n ń wọlé ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, oníkálukú ń wo ègé aṣọ tirẹ̀, ó ń já okùn kúrò lára ìṣó. Àwọn kan fi ránṣẹ́ láti Òfòsù. Nígbà tí oòrùn fi mú, ògiri ti di ìṣó lásán, ó ku okùn kan.

Ìyá Dáyọ̀ ló wọlé gbẹ̀yìn. Ó mú tirẹ̀, ó fi yí ara rẹ̀ ká lórí ìró níbẹ̀, lójú mi. Kókó kan wà níbi tó yẹ. Kókó méjì wà níbi tó yẹ. Ó wo ògiri láti òkè dé ìsàlẹ̀.

"Gbogbo wọn pátá ló rí tiwọn," ó ní. "Kò sí ẹni tó mú ti ẹlòmíràn. Okùn kankan kò dà pọ̀."

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, Màmá.

Ó wò mí pẹ́. Mo wo abẹ́rẹ́ mi. Ó ká okùn rẹ̀ jọ, ó gbé ìró sókè díẹ̀, ó tì í bọ àpò tòbí.

"Sátidé ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, aago mẹ́wàá," ó ní. "Kó o tètè dé. Ẹ̀gbẹ́ mi ni wàá jókòó sí."

Ó sì gbé okùn rẹ̀ lọ.